Tẹlifíṣọ̀n Òpin Ọ̀sẹ̀ àti Àpò Wa

(Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú ẹ̀ka òkè òkun sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́, ní gbọ̀ngàn ìlú)

  Wọ́n ní kí àwa tí a ti òkè òkun wá sọ̀rọ̀ lórí ohunkóhun tí ó bá wù wá, bí kò bá ti ní jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù. A ó sa ipá wa.

Ohun tí a yàn lè ya àwọn àgbà lẹ́nu. Tẹlifíṣọ̀n ni. Kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ti sinimá, bí kò ṣe àwọn ètò òpin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa òwò kéékèèké àti bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú owó ara rẹ̀. A máa ń gbádùn wọn púpọ̀, a sì rò pé ohun kan wà nínú wọn tí ó kan ìpinnu tí ìpàdé yìí fẹ́ ṣe lónìí lórí owó tí a kó wá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé nǹkan àjèjì ni a gbé dé. Ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba. Àwọn àgbà kan tí ó wà níjòókòó yìí rántí bí a ṣe máa ń kún fèrèsé ilé ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ náà. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n sọ pé wọ́n torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀. Eré ni ó padà pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí kò sì burú.

Ní òkè òkun, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ni. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lóru, tí ó fi jẹ́ pé ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta kí tọkọtaya tó fojú kan ara wọn dáadáa. Nígbà tí ìkòkò ọbẹ̀ tí a ó jẹ fún ọ̀sẹ̀ bá wà lórí iná, tí a sì ń ká aṣọ tí a fọ̀, ìgbà náà ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń sọ̀rọ̀ lọ, tí àwa náà ń dá a lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wa.

Ẹni tí a kọ́kọ́ fẹ́ràn ni obìnrin Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Suze Orman. Láti ọdún 2002 títí di ọdún 2015 ni ó fi ṣe ètò rẹ̀ lórí CNBC, ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kì í ṣe ọmọ olówó. Ó ń gbé àwo oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ní Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, nígbà tí àwọn oníbàárà náà dá $50,000 jọ fún un pé kí ó fi ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀. Ó kó owó náà fún alágbàtà kan kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀. Alágbàtà fi í ṣe ohun tí kò yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́, owó sì run tán. Kàkà kí obìnrin yìí máa sunkún kiri àdúgbò, iṣẹ́ alágbàtà náà gan-an ni ó lọ kọ́, nílé iṣẹ́ kan náà, ó sì dá owó olówó padà lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn. Ẹni tí iná ti jó rí ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń wọ̀ wá létí.

Apá kan wà nínú ètò rẹ̀ tí a lè pè ní “Ǹjẹ́ Apá Mi Ká A?” Ẹnì kan á pè é lórí tẹlifóònù pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi, tàbí aṣọ ìgbéyàwó, tàbí ajá olówó ńlá. Suze á ní: ó dára, sọ fún mi, èló ni ó ń wọlé fún ọ lóṣù? Èló ni o ń ná? Èló ni o jẹ? Èló ni o ní nípamọ́? Lẹ́yìn náà ni yóò dá ẹjọ́: yálà ó fọwọ́ sí i, tàbí ó kọ̀ ọ́ jálẹ̀.

Ẹ wo bí èyí ti jìnnà sí ìwà tiwa tó. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ka owó olówó lójú agbo. Ọkùnrin mìíràn wà láàrin wa tí aya rẹ̀ kò mọ iye tí ó ń gbà lóṣù láti ogún ọdún wá. Bóyá ohun tí ó sì mú wa jókòó ti ètò náà nìyẹn: a ń gbọ́ iye owó àjèjì, a ń fi tiwa wé e nínú ọkàn wa, ojú kò sì tì wá. Àwọn ọmọ wa a máa dá ẹjọ́ kí Suze tó dá a, wọn kì í sì í ṣì í púpọ̀. Ọmọ tí ó ti mọ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá pé ẹni tí ó ń gba $4,000 lóṣù, tí ó sì ń ná $4,200, kò gbọdọ̀ ra ọkọ̀ ojú omi, ọmọ náà ti ní nǹkan lọ́wọ́.

Káàdì gbèsè ni ó ń bá jà jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ yín tí ẹ rò pé wọ́n ń fi owó ṣeré níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Báńkì á fún ènìyàn ní káàdì kan tí ó fi lè ra ọjà láìsan owó lójú ẹsẹ̀. Ká ní ó jẹ $1,000, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 24 nínú 100 lọ́dún. Èlé oṣù kan jẹ́ $20. Bí báńkì bá ní kí ó san $25 péré lóṣù náà, inú rẹ̀ á dùn pé ìwọ̀nba ni. Ṣùgbọ́n $20 nínú rẹ̀ ni èlé gbé lọ, $5 péré ni ó dín nínú gbèsè. Àwọn bàbá wa mọ irú ayánilówó báyìí, sógúndógójì ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ń sọ ogún di ogójì. Àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn obìnrin yìí ni a lè kó wálé. Ó máa ń sọ pé kí ènìyàn ní owó tí yóò tó o ná fún oṣù mẹ́jọ nípamọ́ ní báńkì, nítorí ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Ìmọ̀ràn dáadáa ni, ní ilẹ̀ tí owó kì í ti í yọ́ bí òrí àmọ́ nínú oòrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,500. Iye ọjà sì gbé owó sórí ní ọdún 2024 náà kọjá 30 nínú 100. Ẹni tí ó tọ́jú náírà oṣù mẹ́jọ sínú báńkì nígbà náà, agbára owó náà ti dín kù gan-an. Alágbàṣe wa tí ó ra búlọ́ọ̀kù dípò kí ó tọ́jú owó kì í ṣe òmùgọ̀, bí koríko tilẹ̀ bo búlọ́ọ̀kù náà.

Ibòmíràn tí a kò ti bá a gbà ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Bí ẹnì kan bá pè é pé òun fẹ́ yá àbúrò òun lówó, ojú rẹ̀ á le. Ẹni tí ń pè é dá dúró láyé ni. Bí ó bá ṣubú, báńkì rẹ̀ nìkan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ilé ìwé tí a san fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ni oṣù mẹ́jọ tiwa, lọ́dọ̀ ẹni ni a tọ́jú rẹ̀ sí. A kò ní fi èyí sílẹ̀ nítorí pé ẹnì kan wí bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin ẹbí nílé náà béèrè lọ́wọ́ wa nígbà mìíràn pé: ǹjẹ́ apá yín ká a? Àwa kì í lè sọ ọ́ fúnra wa. Ẹ̀ẹ̀kan rí, ẹ̀ka wa dá owó láti gbé òkú ọmọ ẹgbẹ́ kan wálé, ẹni tí ó kọ́ ilé alájà méjì sí ìlú yìí, tí gbogbo wa ń fi yangàn. Nígbà tí a ṣí ìwé rẹ̀, gbèsè káàdì mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ètò kan tún wà lórí MSNBC láti ọdún 2006 sí ọdún 2018, tí obìnrin kan tí ó ń jẹ́ JJ Ramberg ń ṣe. Ó ń lọ bá àwọn oníṣòwò kéékèèké nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gba òṣìṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbówó lọ́wọ́ onígbèsè. Ètò jẹ́jẹ́ ni, kò sí ariwo níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ káàdì ni ó ń gbówó sí i, ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúlò. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn tí wọ́n ra ọjà àwìn tí wọn kò san, àwọn Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló ni ó ń wá sí wa lọ́kàn, àwọn tí wọ́n ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà títí tí owó aṣọ yóò fi jáde. Bí Ramberg bá mọ̀ wọ́n ni, ì bá pè wọ́n wá sórí ètò náà.

Èyí tí ó gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́ jù ni ti àwọn olówó tí wọ́n jókòó lórí àga, tí oníṣòwò á wá dúró níwájú wọn láti wá ojú owó. Japan ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, wọ́n pe àwọn olówó náà ní ẹkùn. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ BBC ní ọdún 2005, wọ́n sọ wọ́n di ẹ̀dá abìyẹ́ tí ń yọ iná lẹ́nu, ètò náà sì ń jẹ́ Dragons’ Den. Nígbà tí Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde lórí ABC ní August 2009, wọ́n sọ ọ́ ní Shark Tank, ìyẹn ẹja ńlá inú òkun tí ń gé ènìyàn jẹ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó yan ẹranko tí ó bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọ̀gbẹ́ni kan tí gbogbo adúláwọ̀ Lọ́ńdọ̀nù mọ̀. Levi Roots ni wọ́n ń pè é, ọmọ Jamaica, olórin ní Brixton, ẹni tí ń ta ọbẹ̀ ata inú ìgò níbi àjọ̀dún Notting Hill. Ní February 2007 ó wọ iwájú àwọn olówó náà pẹ̀lú jìtá, ó sì fi orin polówó ata. Ó ní kí wọ́n fún òun ní £50,000, òun ó fún wọn ní 20 nínú 100 òwò náà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀, nítorí níbí ni adùn ètò náà wà. 20 nínú 100 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ìdá kan bá tó £50,000, a jẹ́ pé ó ń sọ pé gbogbo òwò òun tó £250,000. Ó tún ní òun ní ẹni tí ó fẹ́ ra lítà mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Wọ́n béèrè ìwé, wọ́n kà á: 2,500 kílò ni ó wà níbẹ̀! Ojú òǹwòran ni. Àwọn kan lára wọn kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n méjì, Peter Jones àti Richard Farleigh, fún un ní £50,000 náà, 40 nínú 100 ni wọ́n sì gbà. Ìyẹn ni pé òwò tí ó ní ó tó £250,000, wọ́n kà á sí £125,000. Ó gbà. Láìpẹ́ ọjọ́, ata rẹ̀ ti wà lórí pẹpẹ ilé ìtajà Sainsbury’s, ó sì di olówó.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí jìtá nínú ìtàn yìí. Àwa ń rí ìwé tí wọ́n kà. Ọ̀gbẹ́ni náà mọ ata, ó mọ ènìyàn, ṣùgbọ́n òǹkà ọwọ́ rẹ̀ jìn sí òótọ́ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, a kò sì lè sọ bóyá ì bá fi ìpín tí ó kéré sí i sílẹ̀ bí ìṣirò rẹ̀ bá gún.

Àwọn olówó náà pẹ̀lú kì í ṣe òrìṣà. Ní ọdún 2013, Jamie Siminoff gbé agogo ẹnu ọ̀nà tí ń ya àwòrán wá sí Shark Tank, ó béèrè $700,000 fún 10 nínú 100. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi ọwọ́ sí i díẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀. Ó lọ lọ́wọ́ òfo. Ní ọdún 2018, Amazon ra ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní owó tí ìròyìn sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń fi oníṣòwò ṣe ẹlẹ́yà lórí ètò yẹn, tí ó sì ń sunkún, a máa ń yí i kúrò. Èébú kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Kábíyèsí, ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ rèé. Ìbéèrè mẹ́rin ni àwọn ẹkùn àti ẹja wọ̀nyí ń bi gbogbo ẹni tí ó bá wọlé: kí ni o ń tà? Ta ni ó ń rà á? Èló ni ó ná ọ? Èló ni ó ṣẹ́kù? Bí ìlú yìí bá mọ ìbéèrè mẹ́rin yìí ní ọdún 2016 ni, ọ̀pọ̀ ẹkún ì bá dín. MMM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2015, ó ṣèlérí 30 nínú 100 lóṣù kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦100,000 tí ó bá ń bí 30 nínú 100 lóṣooṣù, tí a kò fọwọ́ kàn án, yóò lé ní ₦2,300,000 lẹ́yìn oṣù 12. Kí ni wọ́n ń tà tí ó ń mú irú èrè yìí wá? Wọn kò ta nǹkan kan. Ní December 2016 wọ́n ti owó olówó mọ́lé, bí Kérésìmesì ti ń bọ̀. A rò pé ojú ti là. Nígbà tí ó di April 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà ti MMM sì kó sí i. Sógúndógójì àtijọ́ ń yá ni lówó. Ti ìsinsìnyí ní kí a yá òun.

A kò sì ṣe aláìmọ̀ nípa owó láti ilẹ̀ wá. Samuel Johnson kọ nípa èsúsú sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, William Bascom, tún kọ àlàyé kíkún lórí rẹ̀ ní ọdún 1952. Àwọn ará Trinidad ń dá a títí di òní, susu ni wọ́n ń pè é. Bí oníṣòwò bá dá ₦500 lójúmọ́ fún alájọ, ₦15,000 ni ní ọgbọ̀n ọjọ́. Alájọ yóò mú ₦500, yóò kó ₦14,500 fún un. Suze Orman ì bá wí pé àdánù ni èyí, nítorí owó náà kò bí, ó tilẹ̀ dín. Kò mọ̀ pé ohun tí obìnrin ọlọ́jà fi ₦500 yẹn rà ni ẹsẹ̀ alájọ tí ń wá bá a nídìí àtẹ lójoojúmọ́, kí ọwọ́ ọmọ àti ti ọkọ tó kan owó náà. Ohun tí àjọ kò ní ni ìwé ìṣirò. Ó ń tọ́jú owó, ṣùgbọ́n kò sọ fún olówó bóyá òwò rẹ̀ ń jèrè tàbí ó ń jẹ ojú owó.

A gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ kí a fi owó tí ẹ̀ka òkè òkun kó wá lọ́dún yìí kun gbọ̀ngàn yìí lọ́dà, kí a sì ra àga tuntun. A kò bínú sí wọn. Ògiri náà ti ṣì lóòótọ́. Ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìdajì rẹ̀ di owó yíyá fún àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú yìí, láìsí èlé, kí wọ́n dá a padà láàrin oṣù mẹ́wàá, kí ẹlòmíràn lè gbà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò dúró níhìn-ín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ìkẹyìn oṣù, níwájú àgbà márùn-ún tí Ìyálọ́jà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yóò sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin náà. Kò sí kámẹ́rà. Kò sí ẹni tí yóò fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Iye tí a bá gbọ́ níbẹ̀, níbẹ̀ ni yóò kú sí. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ kò bá gún, kí a má lé e lọ. Kí a ní kó padà wá lóṣù tí ń bọ̀.

Iye owó náà wà lọ́wọ́ akápò, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí a tó dìbò. A tún kó ọgọ́ta ìwé wá tí a ti fa ìlà mẹ́ta sí: ohun tí ó wọlé, ohun tí ó jáde, ohun tí ó ṣẹ́kù. Wọ́n wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó mú ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ ilé ìwé dání nígbà tí ó bá ń bọ̀ wá gbà á.